Ẹ̀jẹ̀ ríru ní Táílándì: ti ìdílé ni àbí ti ìkòkò ọbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ará Táílándì tó yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀: kammaphan. Òun ni wọ́n ń lò fún ohunkóhun tí èèyàn bá jogún lára àwọn tó bí i, ìbáà ṣe imú, àwọ̀ ara tàbí àìsàn. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀. Kam ni kámà inú ẹ̀sìn Búdà, ìyẹn èrè ìwà tí èèyàn ti hù sẹ́yìn, títí kan èyí tó hù kó tó wá sáyé lọ́tẹ̀ yìí. Phan ni ìran tàbí irú, bí ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ irú ẹran tàbí irú iṣu.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó bá pe kammaphan ló ń ronú kan kámà o. Àwa náà ń sọ pé "ó dàbọ̀" láìronú kan àbọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n tí ìyá àgbà kan níbẹ̀ bá sọ pé kammaphan ni ẹ̀jẹ̀ ríru òun, ohùn tó fi ń sọ ọ́ kò jìnnà sí èyí tí àwọn ìyá tiwa fi ń sọ pé "ó wà nínú ìdílé wa." Ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Bàbá mi ní in, bàbá tó bí bàbá mi ní in, kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?

Àwọn dókítà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn láti ọdún pípẹ́. Ohun tí wọ́n rí kò da ìyá àgbà láre tán, kò sì dá a lẹ́bi tán.

Orúkọ àìsàn náà lédè Thai ni khwam dan lohit sung, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ga. Nígboro wọ́n ti gé e kúrú, "pen khwam dan" ni wọ́n ń wí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé lágbájá "ní BP", bí ẹni pé ẹnì kan wà láyé tí kò ní BP rárá. Ìjọba Táílándì máa ń ṣe ìwádìí ìlera káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún mélòó kan síra. Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní 2004, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 15 sókè jẹ́ 22 nínú 100. Ní 2014, ó ti lé ní 24. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe ti 2019 sí 2020, ó ti wọ 25, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́rin. Èyí tó ń ba àwọn dókítà lẹ́rù jù ni pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní in ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń ṣiṣẹ́, títí di ọjọ́ tí apá kan ara á dákẹ́.

Jíìnì ni wọ́n ń pe ohun àjogúnbá inú ara tí ń pinnu bí ara kálukú ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń pè é ní àbùdá, ṣùgbọ́n jíìnì ni mo máa lò níbí, nítorí àbùdá gbòòrò jù ú lọ. Ó yẹ kí ń tètè mú àṣìṣe kan kúrò lọ́nà. Àwa tí a dàgbà sí Nàìjíríà mọ jẹ́nótáìpù dáadáa. AA, AS, SS: lẹ́tà méjì péré, o ti mọ ẹni tó lè fẹ́ ẹni àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹni. Nítorí náà tí a bá ti gbọ́ pé àìsàn kan wà nínú jíìnì, ohun tó máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni pé ayẹ̀wò kan máa wà tí yóò fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá wa lóhùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò rí bẹ́ẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde jẹ́ ọ̀rọ̀ jíìnì kan ṣoṣo. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2018, tó yẹ DNA, ibi tí jíìnì wà nínú ara, àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan wò, ka ibi 901 tí nǹkan kan ti ń fa ìfúnpá sókè tàbí tí ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì ti fi kún un. Ipa tí èyí tó pọ̀ jù lára wọn ń sà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tó òṣùwọ̀n kan péré lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá.

Ó dà bí òde ìnáwó tí èèyàn ẹgbẹ̀rún kan ti ná olórin ní náírà kọ̀ọ̀kan. Owó ti kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n lọ mú ẹnì kan kí o ní òun ló ná an. Bẹ́ẹ̀ ni jíìnì ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe rí ní Táílándì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi gbogbo.

Báwo ni wọ́n wá ṣe mọ̀ pé ìdílé ń kópa níbẹ̀? Lára ìbejì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i kedere. Àwọn ìbejì tó jáde láti inú ẹyin kan, tí jíìnì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, máa ń jọra nínú ìfúnpá ju àwọn ìbejì tó wá láti inú ẹyin méjì lọ. Láti inú irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ àti láti inú ìwádìí lórí àwọn ẹbí, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 30 sí 50 nínú 100 lára ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìfúnpá èèyàn kan sí ti ẹlòmíràn ló ti ọwọ́ jíìnì wá. Ẹ kíyè sí bí mo ṣe sọ ọ́. Kì í ṣe pé ìdajì ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ jẹ́ ti bàbá rẹ, tí ìdajì tó kù wá jẹ́ ti ìwọ fúnra rẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn èèyàn ni wọ́n ń wọ̀n. Níbi tí gbogbo ìlú bá ti ń jẹ iyọ̀ tó pọ̀ bákan náà, iyọ̀ kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, ipa jíìnì á wá dà bí èyí tó pọ̀ sí i, wọ́n á sì rò pé jíìnì ló ni gbogbo ẹ̀bi.

Ibi tí jíìnì gbà wọlé

Lọ́dún 1963, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Grant Liddle, ṣàpèjúwe ẹbí kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà láti ìgbà èwe wọn. Ó tó ọgbọ̀n ọdún kí àwọn onímọ̀ tó rí jíìnì tó ń fà á, ní 1994. Kíndìnrín èèyàn ní ẹnu ọ̀nà kéékèèké tó fi ń gba iyọ̀ padà kó má bàa bá ìtọ̀ lọ. Nínú ara àwọn ẹbí yìí, ilẹ̀kùn náà kì í tì. Iyọ̀ ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru, omi ń tẹ̀ lé iyọ̀, ìfúnpá sì ń gòkè.

Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, ní Táílándì àti níbikíbi. Mo mú un wá nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń rí àwọn jíìnì ẹyọ kan mìíràn tó lè dá ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ fúnra wọn, ibì kan náà ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn ń já sí, ọ̀dọ̀ kíndìnrín àti bó ṣe ń ṣe sí iyọ̀. Àwọn tó ń jà pé jíìnì ni àti àwọn tó ń jà pé oúnjẹ ni, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn dúró sí.

Nítorí náà ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí iyọ̀ wà.

Ní etí títì ní Bangkok, obìnrin kan jókòó ti odó amọ̀ kékeré kan. Ó ju ááyù mélòó kan àti ata wẹẹrẹ sínú rẹ̀, ó gún un: pọ́k, pọ́k, pọ́k. Ṣúgà ọ̀pẹ wọlé, tòmátì wọlé, ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e. Ìbẹ́pẹ tútù tí wọ́n ti rẹ́ bí òwú ló fẹ́ kó sí i, ṣùgbọ́n kó tó kó o, ó gbé ìgò, ó da nam pla lé e lórí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nam pla ni omi ẹja oníyọ̀: ẹja wẹẹrẹ àti iyọ̀ tí wọ́n jọ dì sínú agbada fún oṣù tó pọ̀ títí omi rẹ̀ fi yọ́ jáde. Ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ ní sódíọ̀mù tó lé ní 1,000 mílígíráàmù. Oníbàárà tó wá láti Isan, ìhà àríwá ìlà-oòrùn, á ní kó fi pla ra sí i, ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ àti èérí ìrẹsì pa pọ̀ títí ó fi kan, tó dúdú, tó ń rùn bí irú tó ti pọ́n. Obìnrin náà tọ́ ọ wò, ó rí i pé ó kù díẹ̀, ó tún gbé ìgò. Som tam dé nìyẹn. Abọ́ ewébẹ̀ àti èso tútù lójú, ẹni tó bá rí i á rò pé oúnjẹ aláìsàn ni.

Àjọ ìlera àgbáyé ní kí sódíọ̀mù tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ju 2,000 mílígíráàmù lọ, ìyẹn iyọ̀ tí kò kún ṣíbí tíì kan. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Táílándì ní 2019 sí 2020, wọ́n gba gbogbo ìtọ̀ tí àwọn àgbàlagbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì tọ̀ láàárín wákàtí 24, wọ́n sì wọn sódíọ̀mù inú rẹ̀. Iṣẹ́ tó nira ni, nítorí ta ló fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ káàkiri? Ṣùgbọ́n ìtọ̀ kì í purọ́ bí ẹnu. Ohun tí wọ́n rí ni 3,636 mílígíráàmù lóòjọ́, nǹkan bí gíráàmù iyọ̀ mẹ́sàn-án. Àwọn tó ń fi pla ra ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ará Isan á rò pé ibẹ̀ ló máa burú jù. Ìhà Gúúsù ló ga jù, tó lé ní 4,100, ibi tí wọ́n ti ń jẹ kapi, ìyẹn edé lílọ̀ oníyọ̀, àti budu, omi ẹja ti àwọn ará Pattani. Isan ló kéré jù lọ, pẹ̀lú nǹkan bí 3,300. Kò sì séyìí tó kéré nínú gbogbo rẹ̀. Kí a má tíì wá sọ ti nudú inú ọ̀rá, tí wọ́n ń pè ní "Mama" níbẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ kan tó ti di orúkọ gbogbo nudú, bí a ṣe ń pe gbogbo rẹ̀ ní ìńdómì.

Lẹ́tà kan tó kó ìtàn Igbó-Ọrà wọ ọ̀rọ̀ náà

Nínú àwọn jíìnì tí wọ́n ti gbé yẹ̀ wò jù ní Éṣíà lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, AGT wà níwájú. Tí ìfúnpá bá rẹlẹ̀ jù, kíndìnrín á tú èròjà kan jáde tó ń jẹ́ renin. Renin á gé èròjà mìíràn tí ẹ̀dọ̀ ṣe, angiotensinogen, èròjà kẹta tó ń jẹ́ ACE á tún un gé, ohun tó bá yọrí sí á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, á sì ránṣẹ́ pé kí kíndìnrín di iyọ̀ mú. Jíìnì AGT ló ń sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe máa ṣe angiotensinogen náà. Ní 1992, àwọn olùwádìí tó yẹ àwọn ẹbí kan wò ní Salt Lake City àti ní Paris kéde pé ẹ̀dà AGT kan, ìyẹn oríṣi kan nínú bí jíìnì náà ṣe lè rí, tí wọ́n ń pè ní T, wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, pé ó sì ń jẹ́ kí èròjà náà pọ̀ díẹ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀.

Inú àwọn èèyàn dùn. Wọ́n ti mú olè! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá T náà kiri. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, nǹkan bí mẹ́rin nínú ẹ̀dà mẹ́wàá ló jẹ́ T. Láàárín àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà, ó ń lọ sí méje tàbí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Tí T bá jẹ́ olè lóòótọ́, àlàyé ti dé fún gbogbo Éṣíà nìyẹn.

Ibí ni Yorùbá ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1997, Charles Rotimi, onímọ̀ jíìnì ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí AGT láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà jáde. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó jẹ́ T! Ṣàṣà lẹni tí kò ní in. Tí T bá ń dá ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yẹ kí gbogbo wa ti ṣubú láti ayé Odùduwà. Lọ́dún yẹn kan náà, ìwádìí ńlá mìíràn jáde, èyí tí Richard Cooper ṣíwájú rẹ̀, tó fi àwọn èèyàn dúdú ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Caribbean àti Amẹ́ríkà wé ara wọn. Lára ibi tí wọ́n ti wọn ìfúnpá ní Nàìjíríà ni Igbó-Ọrà àti Ìdíkàn n'Íbàdàn. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ Maywood, ní ẹ̀bá Chicago. Àwọn tí wọ́n pín jíìnì tó súnmọ́ra gan-an ni wọ́n, ṣùgbọ́n 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 26 ní Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí ilé ni ó ń pọ̀ sí i, bí ara ṣe ń sanra tí oúnjẹ inú agolo àti iyọ̀ sì ń pọ̀ sí i.

(Igbó-Ọrà yẹn kan náà ni ìlú ìbejì o. Àmọ́ ìbejì ẹlẹ́yin méjì ló pọ̀ jù lára tiwa, wọn kò fi jíìnì jọra ju bí ọmọ ìyá méjì ṣe ń jọra lọ.)

Kì í ṣe pé T kò já mọ́ nǹkan. Ohun tí èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ sún mọ́ ni pé àwọn ẹ̀dà jíìnì tó ń di iyọ̀ mú wúlò fún àwọn baba ńlá tó gbé ilẹ̀ olóoru, tí òógùn ń gba iyọ̀ lára wọn, tí iyọ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Táílándì jẹ́ ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ara tó ń ṣọ́ iyọ̀ bí ahun ló jogún, ìgbà tí nam pla wá pọ̀ lórí tábìlì ìjẹun ni ahun náà di wàhálà. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀dà kan ló pa wọ́n. Kárí Éṣíà, àwọn ìwádìí kéékèèké lórí ACE, AGT àti àwọn bíi wọn kò fẹnu kò. Èyí tí ẹgbẹ́ kan rí lónìí, ẹgbẹ́ kejì kì í rí i lọ́la.

Jíìnì kan wà níbẹ̀ tó tilẹ̀ gba inú ìgò ọtí kọjá. ALDH2 ni. Ọ̀pọ̀ ará Japan àti China ló ní ẹ̀dà rẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí ojú èèyàn pọ́n bí ata tó bá ti mu bíà díẹ̀, àwọn ará Táílándì kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní in tó wọn. Ìwádìí jíìnì ní ìlà-oòrùn Éṣíà gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí jíìnì ìfúnpá. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé ẹni tó ní in kì í lè mu ọtí púpọ̀, ẹni tí kò mu ọtí púpọ̀ ni ìfúnpá rẹ̀ kì í tètè ga. Ẹni tó bá ní in ní ilé tí kò sí ọtí, kí ni jíìnì náà ráyè ṣe fún un?

Ta tilẹ̀ ni ará Táílándì?

Mo ti ń sọ "àwọn ará Táílándì" bí ẹni pé ọmọ bàbá kan ni wọ́n. Wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sọ èdè Tai ṣí wá láti ìhà gúúsù China, wọ́n bá àwọn Mon àti Khmer nílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ra. Àwọn oníṣòwò Teochew láti China wá kún Bangkok. Ní Pattani, Yala àti Narathiwat, Malay ni ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí a bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Chiang Mai lè máà bá ti ọmọ Narathiwat mu.

Nǹkan mìíràn tún wà. Púpọ̀ jù nínú ìwádìí jíìnì àgbáyé, tó ń lọ sí bíi mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ wò, ara àwọn tó wá láti Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe é. Tí wọ́n bá fi àwọn ibi 901 yẹn kọ ìṣirò tí yóò sọ ewu ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣirò náà á gún régé ní London, á sì ṣe ségesège tó bá dé Nakhon Ratchasima ní Táílándì. Bí ìgbà tí wọ́n fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rán bàtà fún èèyàn ni. Nínú àkójọ DNA tí wọ́n ń pè ní 1000 Genomes, tó parí ní 2015, àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà níbẹ̀, 108. A ti wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà HapMap tó ṣáájú rẹ̀. Kò sí ará Táílándì kankan nínú 1000 Genomes náà. Àwọn tó súnmọ́ wọn jù níbẹ̀ ni àwọn Dai láti Xishuangbanna ní China, 93, tí èdè wọn bá èdè Thai tan, àti àwọn Kinh ti Vietnam, 99. Nígbà tí onímọ̀ kan ní Bangkok bá fẹ́ mọ bí ẹ̀dà kan ṣe wọ́pọ̀ tó láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ilé ìbátan ló ti ń lọ béèrè.

Ìdí nìyẹn tí ìjọba Táílándì fi fọwọ́ sí iṣẹ́ Genomics Thailand ní 2019, láti ka gbogbo DNA àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà 50,000. Àìsàn àìranni bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun márùn-ún tí wọ́n dojú kọ, pẹ̀lú jẹjẹrẹ, àìsàn tó ṣọ̀wọ́n, àìsàn àkóràn, àti bí oògùn ṣe ń bá ara kálukú mu. Wọ́n kò sì bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Láti 1985 ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn Ramathibodi, ti Yunifásítì Mahidol, ti kó òṣìṣẹ́ 3,499 jọ ní EGAT, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba, tí wọ́n wọn ìfúnpá wọn, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń pè wọ́n padà wá yẹ̀ wò. Wọ́n fi ẹgbẹ́ kejì àti ìkẹta kún un lẹ́yìn náà. Ọgbọ́n ni wọ́n fi yan iléeṣẹ́ náà, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba kì í sá lọ. Títí yóò fi gba owó ìfẹ̀yìntì, o mọ ibi tí o ti máa rí i.

Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ló ti ń so èso jù. Enalapril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru olówó pọ́ọ́kú tó ń dí ACE lọ́wọ́, máa ń fa ikọ́ gbẹ lára àwọn ará Éṣíà ju bó ṣe ń fà á lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń jù ú nù láìsọ fún dókítà. Metoprolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ńkọ́? Ẹ̀dà jíìnì CYP2D6 kan tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ń jẹ́ kí ara pẹ́ kó tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ètò ìlera ìjọba wọn tilẹ̀ ń sanwó ayẹ̀wò jíìnì fún àwọn tó fẹ́ lo carbamazepine, oògùn wárápá, nítorí ẹ̀dà kan, HLA-B*15:02, tó lè jẹ́ kí awọ ara ẹni tó bá lò ó máa ṣí bí ẹni tí iná jó. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò tíì débẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó gòkè lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀

Ohun kan wà tó jẹ́ ti Táílándì gan-an, tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó mọ jẹ́nótáìpù gbọ́. Tiwọn kì í ṣe S. E ni wọ́n ní. Hemoglobin ni èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, èyí tó jẹ́ E sì pọ̀ débi pé ní àwọn ibì kan tí Táílándì, Laos àti Cambodia ti pàdé, nǹkan bí ìdajì àwọn ará ìlú ló ní in. Bíi S tiwa, ibà ló mú un pọ̀: ẹni tó bá ní ẹyọ kan lè dúró de ibà ju ẹni tí kò ní lọ. Ṣùgbọ́n tí E láti ọ̀dọ̀ òbí kan bá pàdé thalassaemia, àìsàn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí ara ṣe hemoglobin tó, láti ọ̀dọ̀ òbí kejì, ọmọ náà lè máa gba ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní 1978, Prawase Wasi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bangkok kọ ohun àjèjì kan sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Àwọn aláìsàn thalassaemia kan tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra ni ìfúnpá wọn ṣàdédé ga lẹ́yìn náà. Gìrì mú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ àwọn kan. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru wá mú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń wọn ìfúnpá wọn lásìkò ìtọ́jú náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè to hemoglobin E mọ́ àwọn jíìnì ẹ̀jẹ̀ ríru. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó wà lára aláìsàn lè fi ìtọ́jú pa á.

Ìjọba ti gbé ètò kan kalẹ̀ ní 2016 láti dín iyọ̀ tí àwọn èèyàn ń jẹ kù ní 30 nínú 100 títí di 2025, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ owó orí lórí iyọ̀ inú ìpápánu láti ọdún pípẹ́, bí wọ́n ṣe fi owó orí lé ohun mímu aládùn ní 2017. Ti ṣúgà rọrùn ju ti iyọ̀ lọ. Kò sí ẹni tó lè fi owó orí dá ọwọ́ obìnrin onísom tam yẹn dúró lórí ìgò.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni àwọn olùyọ̀ǹda ìlera abúlé, Aw Saw Maw, tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan káàkiri Táílándì. Ẹ fojú inú wo ọ̀kan nínú wọn, ó gbé ẹ̀rọ ìfúnpá sínú agbọ̀n kẹ̀kẹ́, ó yà sábẹ́ ilé onígi kan. Yai ló pe obìnrin àgbà tó bá níbẹ̀, ìyá ìyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tan. Ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ó gòkè dé 152, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 94. Ó dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún un wọ̀n, kò yàtọ̀. Ó bi í léèrè nípa nam pla, ìyá rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní in.

"Kammaphan ni," ni ìyá wí.

Olùyọ̀ǹda náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tó ń lu irin lẹ́yìn ilé. Ọmọ mi ni, ọmọ ọdún 38, ó ń tún ọ̀kadà ṣe, kò sí ohun tó ń ṣe é, kò wọn ìfúnpá rí. Ó ní kí wọ́n pè é wá. Ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú ọ́ìlì lọ́wọ́, ó nù ún sára ṣòkòtò, ó jókòó, ó na apá.